Ìlú Wo Lẹ Máa Yà Sí? Bí A Ṣe Ń Yan Ìlú Wò ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Jámánì nígbà kan. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló ní, orúkọ ìlú mọ́kànlá ló sì ti kọ sínú fóònù rẹ̀: Ìjẹ̀bú-Òde, Ìjẹ̀bú-Igbó, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, Agọ́-Ìwòyè, Ṣàgámù, Ìpẹru, Ìkẹ́nnẹ́, ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo wakọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, a ti dé ìlú mẹ́fà, a sì ti ya fọ́tò níwájú géètì ààfin mẹ́rin tí wọ́n tì pa. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé kì í ṣe ìlú kan náà la kàn ń yí po látàná?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí mi sí, Ìlíṣàn ni wọ́n gbé mi níyàwó lọ, ilé méjèèjì ló bú pa pọ̀ láì mọ̀. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló sọ. Ọjọ́ tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ la wọ gbogbo ìlú wọ̀nyẹn, a ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, a ò jókòó, a ò jẹun. Páànù, ọ̀kadà àti pátákó àwọn olóṣèlú nìkan la rí. Láti ìgbà náà, bí àlejò bá fẹ́ wá, mi ò kí ń jẹ́ kó dárúkọ ìlú fún mi mọ́. Ohun tí mo ń kọ́kọ́ béèrè ni pé: ọjọ́ wo lo ń bọ̀?

1. Ẹ kọ́kọ́ mú ọjọ́, ìlú á tẹ̀ lé e

Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ọjọ́ ló ń yan ìlú. Ìlú tó pa rọ́rọ́ lónìí, ẹ dé ibẹ̀ lọ́jọ́ ọdún wọn, ẹ ò ní rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé. Nítorí náà, ẹ fi àwòrán ilẹ̀ orí Google sílẹ̀ ná, ẹ mú kàlẹ́ńdà.

Èyí tó lókìkí jù ni Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá. Oṣù ojú ọ̀run ni Iléyá ń tẹ̀ lé, ìdí nìyẹn tó fi máa ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú ti ọdún tó kọjá. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí. Ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kan náà ni. Ẹ̀gbọ́n tó bá fi déètì èṣí ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú, àwọn tó ń gbá ìdọ̀tí kúrò ní pápá ló máa bá.

Ọpẹ́ ló bí ọdún yìí. Àwọn Mùsùlùmí ìjọhun ló ń lọ dúpẹ́ níwájú ààfin pé Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, gbà wọ́n láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí, gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ẹlẹ́sìn yòówù kó jẹ́. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn àwọn ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí kó jọ, bíi Bọ́bakẹ́yẹ, Gbọ́baníyì, Jagunmólú, á wọ aṣọ kan náà jáde, wọn á lọ kí ọba lẹ́gbẹ́lẹ́gbẹ́. Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní 1960 tó sì wàjà ní oṣù Keje 2025, ló jí ètò rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ yìí dìde padà. Lẹ́yìn wọn ni àwọn ìdílé Balógun á gun ẹṣin wọlé. Fọ́tò tó ń tàn kálẹ̀ lórí Facebook ń fi aṣọ hàn yín, kò lè fi ìró hàn yín: ṣaworo ọrùn ẹṣin, ìbọn ṣakabùlà tó ń dún gbì, òórùn ẹ̀tù tó máa lẹ̀ mọ́ gèlè yín títí dilé. Ẹ ti wà níbẹ̀ kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, kẹ́ ẹ sì ti gba yàrá òtẹ́ẹ̀lì lóṣù mélòó kan ṣáájú. Bí ẹ ò bá rí yàrá ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ wò ó ní Òdogbólú tàbí Agọ́-Ìwòyè, kẹ́ ẹ máa jí wọlé.

Ọdún Agẹmọ ní tiẹ̀ kì í ṣe ohun tí àlejò ń wá wò bó ṣe wù ú. Àárín òjò ni, nínú oṣù Keje ló sábà máa ń bọ́ sí. Agẹmọ mẹ́rìndínlógún ló máa jáde láti àwọn ìlú Ìjẹ̀bú, tí wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ pàdé ní Ìmósàn, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde. Obìnrin kò gbọdọ̀ rí wọn. Mo ti kọjá ogójì ọdún, mi ò rí Agẹmọ rí, mi ò sì ní rí i. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni pé ìyá mi á ti wíńdò, á fi aṣọ àkísà dí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, àwa ọmọbìnrin á jókòó sórí ẹní nínú òkùnkùn, a ó máa gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin tó ń sáré kọjá lójú títì. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà náà, ó sì dà bíi pé gbogbo ayé ló wà níta àyàfi àwa. Bí obìnrin bá wà nínú àwọn tẹ́ ẹ jọ ń bọ̀, ẹ béèrè ọjọ́ náà dáadáa, kẹ́ ẹ sì ti kúrò lójú ọ̀nà wọn kílẹ̀ tó mọ́. Rẹ́mọ ni kẹ́ ẹ wà lọ́jọ́ yẹn.

Bí Orò bá wá ń jáde ní ìlú Rẹ́mọ tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ńkọ́? Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì. Mo ti fi àlejò obìnrin mẹ́ta há sínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan rí láti ìrọ̀lẹ́ títí di ìdájí, torí mi ò fóònù béèrè kí n tó kó wọn lọ. Bísíkíìtì àti mínírà gbígbóná la fi sùn. Wọ́n máa ń kéde rẹ̀ nílùú ṣáájú, àlejò ni kì í gbọ́ ìkéde. A kì í bá Orò ṣàríyànjiyàn. Ẹ kàn yan ìlú míì.

Ti ọjà rọrùn. Àwọn ọjà wa àtijọ́ kì í tẹ̀ lé Mọ́ńdè tàbí Túsìdeè. Ọrún-ọrún la ń ná wọn: tẹ́ ẹ bá ka òní mọ́ ọn, ọjọ́ karùn-ún ni ọjà máa padà bọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀tọ̀ ni ọjọ́ tó máa bọ́ sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ bi ẹni tó ń gbébẹ̀ pé, "Ìgbà wo lẹ ná ọjà kẹ́yìn?" kẹ́ ẹ wá máa kà á lọ láti ibẹ̀.

Sátidé ńkọ́? Ìsìnkú. Ní ìlú tí wọ́n ti ń náwó kí òyìnbó tó dé, ẹ ò lè bá wọn du yàrá àti ojú títì lọ́jọ́ Sátidé. Àyàfi tí wọ́n bá pè yín sí i, tí mo bá sì jẹ́ yín, màá lọ. Òkú àgbà ní Ìjẹ̀bú kọ́ àlejò lẹ́kọ̀ọ́ ju ààfin tí wọ́n tì pa lọ.

2. Ẹ sọ ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ń wá

Ohun kan ni mo wí. Bí ẹ bá ní "àṣà", ẹ ò tíì sọ nǹkan kan.

Bó bá jẹ́ ìtàn àtijọ́ gan-an, Òkè-Eri ni, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí wọ́n ní sàréè Bílíkísù Súngbọ́ wà. Obìnrin olówó tí kò bímọ ni ìtàn pè é, tó ní kí wọ́n wa yàrà yí ilẹ̀ náà ká kí orúkọ rẹ̀ má bàa parun. Yàrà yẹn ni Eredo Súngbọ́. Ó gùn ju kìlómítà 160 lọ, ògiri rẹ̀ sì ga tó mítà 20 láwọn ibì kan, igbó ti bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Patrick Darling, onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, wọ igbó yẹn wọn ọ̀pọ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Àwọn ará ibẹ̀ máa sọ fún yín pé òun ni Ọbabìnrin Ṣébà tó lọ sọ́dọ̀ Sólómọ́nì. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ni àwọn onímọ̀ fi ọjọ́ orí yàrà náà sí. Sólómọ́nì ti fi bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì ṣáájú ìyẹn. Ẹ gbọ́ ìtàn náà tán, kẹ́ ẹ dúpẹ́, ẹ má ṣe bá bàbá tó ń pa á fún yín ṣírò. Obìnrin kì í wọ ibi sàréè náà gan-an, bẹ́ẹ̀ obìnrin ló ni ín. Ẹ̀rín máa ń pa mí, àmọ́ mo máa ń dúró níta.

Bó bá jẹ́ òṣèlú ni, Ìkẹ́nnẹ́ ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má fi sílẹ̀ fún ìlú míì. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta 1909, ibẹ̀ ló kú sí ní oṣù Karùn-ún 1987, inú ọgbà ilé rẹ̀ ni ibojì rẹ̀ sì wà. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá wà lára àwọn tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1955 ní Ìwọ̀-Oòrùn, ẹ mú wọn dání. Mo mú bàbá ọkọ mi lọ, ẹni tí kì í dákẹ́ lójú ọ̀nà, kò sọ̀rọ̀ kankan títí a fi dé ìta, ló wá ní, "Bàbá mi ò bá má rán mi lọ." Ìlú kékeré yìí kan náà ló bí Tai Ṣólàrín, tí òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá ilé ìwé Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1956. Awo pẹ̀lú fìlà rẹ̀, Ṣólàrín pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé rẹ̀, nínú ìlú tí ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn já láàárín wákàtí kan.

Bó bá jẹ́ òwò, ẹ lọ sí ọjà Sábó ní Ṣàgámù láàárọ̀. Ṣàgámù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú kan. Ìlú mẹ́tàlá ni, Òfin, Màkún àti àwọn yòókù, tó kó ara wọn jọ sójú kan nítorí ogun ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Akárìgbò sì ni olórí wọn. Obì ló sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ní Sábó, ẹ máa bá àwọn ìyá tó jókòó síwájú òkìtì obì, tí wọ́n ń ṣà á: pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, èyí tí kòkòrò ti wọ̀ lọ́tọ̀. Gbànja ló pọ̀ jù, òun ni àwọn Hausa ń kó lọ sí òkè ọya. Ẹ là á, awẹ́ méjì ni. Àbàtà tí a fi ń bọ, awẹ́ mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ ló ní. Ìyá kan níbẹ̀ kì í wo obì tó bá ń ṣà á. Ó máa ń wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ á máa yí obì náà, á kàn jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ láìsọ ìdí. Mo mú ọ̀kan tó jù nù, mo là á. Ihò kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, kò tó orí abẹ́rẹ́. Ewé ni wọ́n fi ń tẹ́ inú àpò tí wọ́n ń kó o sí kó má bàa gbẹ lójú ọ̀nà.

Bó bá jẹ́ igbó àti erin, ìyẹn Igbó Ọmọ, lápá abúlé tí wọ́n ń pè ní J4, níhà ìlà oòrùn Ìjẹ̀bú. UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó tí wọ́n ń dáàbò bò láti 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ ò ní rí i bí ẹni rí ewúrẹ́. Ẹ nílò àṣẹ, ẹ̀ṣọ́ igbó, bàtà tó le, àti odidi ọjọ́ kan. Ẹ má so ó mọ́ ìlú míì.

Ìjẹ̀bú-Igbó tóbi, àdúgbò márùn-ún ló ní (Òkè-Ṣópẹ́n, Òjòwò, Àtìkorí, Òkè-Àgbò, Jápárá), Orímọlúṣì ló ń jọba níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá ní ará níbẹ̀, ẹ lè fi í sílẹ̀ fún ìgbà míì. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó máa bínú sí mi. Ìsarà, ìlú bàbá Wọlé Ṣóyínká, ìlú Ọdẹ́mọ, ń dùn fún ẹni tó fẹ́ràn ìwé àti ìlú orí òkè tí kò kánjú. Wákàtí méjì tó.

3. Ibì kan ni kẹ́ ẹ máa sùn

Gbogbo àgbègbè yìí ò tóbi. Ọ̀nà ńlá méjì ló gbà á kọjá: ti Èkó sí Ìbàdàn, àti èyí tó ya ní Ṣàgámù tó kọjá lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin. Níbi tí méjèèjì ti pàdé, ọkọ̀ àjàgbé lè dá yín dúró fún wákàtí méjì láìsí ìdí tẹ́nikẹ́ni lè sọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kẹ́ ẹ má ṣe máa kó ẹrù láti òtẹ́ẹ̀lì dé òtẹ́ẹ̀lì. Bí ohun tẹ́ ẹ ń wá bá wà ní Ìjẹ̀bú, ẹ sùn ní Ìjẹ̀bú-Òde. Bó bá jẹ́ Rẹ́mọ, Ìlíṣàn tàbí Ìpẹru dára ju Ṣàgámù lọ fún oorun, wọ́n súnmọ́ Ìkẹ́nnẹ́ débi pé kẹ̀kẹ́ Márúwá á gbé yín kiri. Èmi ò kí ń rin ọ̀nà ńlá lẹ́yìn agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin náà ẹ má rìn ín.

4. Ẹ fi gègé pa orúkọ rẹ́

Ẹ kọ gbogbo ìlú tó wù yín. Lójúmọ́ kan, ìlú ńlá kan àti ìletò kan ló lè wọ̀ ọ́, jù bẹ́ẹ̀ lọ ẹ ti ń sáré. Èyí tí ẹ ò lè sọ orúkọ ẹnì kan tàbí ohun kan tẹ́ ẹ fẹ́ rí níbẹ̀, ẹ pa á rẹ́. Èyí tẹ́ ẹ kọ torí pé ẹnì kan ní "ẹ gbọ́dọ̀ débẹ̀", ẹ pa á rẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tó padà wá, mọ́kànlá rẹ̀ di mẹ́rin.

5. Ẹ pe ẹnì kan kẹ́ ẹ tó gbéra

Kò dìgbà tó bá jẹ́ ìbátan. Ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ tó ní ìyá nílùú náà ti tó. Ẹni yẹn ló mọ̀ bóyá ọba wà nílé, bóyá Orò ń bọ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n ná ọjà kẹ́yìn. Bí ẹ bá fẹ́ wọ ààfin, ẹ ní kí ó bá yín béèrè ọjọ́ àti wákàtí, kẹ́ ẹ sì mú nǹkan dání. Wọ́n máa sọ ohun tó yẹ fún yín. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, fìlà á kúrò lórí. Ọmọ Ìjẹ̀bú tó ti pẹ́ nílùú òyìnbó ló sábà máa ń gbàgbé, àlejò òyìnbó kì í gbàgbé.

Ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò ojúbọ tàbí ilé Òṣùgbó (Ògbóni). Bí wọ́n bá ní rárá, ẹ dá fóònù padà sápò. Ẹ gba owó kéékèèké lọ́wọ́ oní-POS kẹ́ ẹ tó wọ ìletò, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ gba tìránsífà fún ọ̀jọ̀jọ̀.

Bí ọjọ́ mẹ́rin ṣe lè rí

Bó bá jẹ́ ìgbà tí kò sí ọdún kankan, ẹ wọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, ẹ sinmi, ẹ rìn yí ká ààfin nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ kejì, Òkè-Eri láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ wá padà sí ìlú lọ wá àwọn tó ń hun aṣọ olónà. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ yìí, ẹ rántí pé ọ̀nà yẹn ni àwọn ọmọ ogun òyìnbó gbà wọlé ní oṣù Karùn-ún 1892, nígbà ogun Ìmagbọ̀n, torí Ìjẹ̀bú kò jẹ́ kí òwò Èkó kọjá sókè láìsan owó ibodè. Ọjọ́ kẹta, Sábó ní Ṣàgámù kí agogo mẹ́jọ tó lù, Ìkẹ́nnẹ́ lọ́sàn-án, ẹ jẹ ẹ̀bìrìpò (kókò rírin tí a pọ́n sínú ewé sè) ní Rẹ́mọ, ẹ padà. Ọjọ́ kẹrin, ẹ má lọ síbì kankan àyàfi ọjà, bó bá bọ́ sí i.

Ọjọ́ kẹrin yẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ pé òun fẹ́ràn jù. Ìyá mi ló ń se ìkọ́kọrẹ́. Ó ti rin ewùrà, epo àti ata ń hó, ẹja àti edé ti wà nínú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ bù ú sínú ìkòkò lẹ́mọ lẹ́mọ. Ọmọ náà na ọwọ́ sí orógùn láti rò ó. Ìyá mi gbá a lọ́wọ́ pẹ́rẹ́, ó ní kó fi í sílẹ̀ kó dì ná. A fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́ lágogo mẹ́ta ọ̀sán, gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa. Ó bi ìyá mi bí ó ṣe jìnnà tó láti ibẹ̀ dé Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ìyá mi ní, "Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Bu ẹ̀bà sí i."